Lápútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ mẹ́ta: èwo ni Windows 11 máa ráyè jókòó sí?

Láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025 tí Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ dúró lórí Windows 10, orin kan náà ló wà lẹ́nu àwọn tó ń ta lápútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ láti Lọ́kọ́ja títí dé Kàbà: "Ó ń gba Windows 11 o, ẹ̀gbọ́n." Ọ̀rọ̀ náà lè jẹ́ òótọ́ kó má sì ṣe yín láǹfààní kankan. Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n ni bí dísíkì inú rẹ̀ ṣe tóbi tó, àti bóyá ó ṣeé yọ kí èèyàn fi òmíràn síbẹ̀. Yálà ọmọ yín ló fẹ́ wọ yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ní Lọ́kọ́ja, tàbí ẹ fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ ìwé ní Ìsánlú, oríṣi mẹ́ta lẹ máa bá lórí tábìlì.

Èyí tó fúyẹ́ tó sì dùn ún wò

Ó rí pẹlẹbẹ, kò wúwo nínú báàgì, owó rẹ̀ sì ń fa ojú mọ́ra. Inú rẹ̀ ni wàhálà wà: RAM (ìrántí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́) 4GB, ìpamọ́ eMMC (irú dísíkì kékeré kan) 32GB tàbí 64GB. Ọ̀pọ̀ HP Stream wà nínú ìdílé yìí. Wọn kì í fi ìdè de eMMC; òjé ni wọ́n fi jó o mọ́ bọ́ọ̀dù. Tó bá kún, ó kún náà nìyẹn.

Microsoft ní kí ẹ̀rọ tó bá fẹ́ lo Windows 11 ní ìpamọ́ 64GB ó kéré tán, RAM 4GB, àti TPM 2.0, ìyẹn ẹ̀yà ààbò kan nínú ẹ̀rọ. Èyí tó jẹ́ 32GB ti bọ́ sílẹ̀ nìyẹn, ohun yòówù tí ẹni tó ń tà á lè máa wí. Èyí tó jẹ́ 64GB gan-an ló ń múni ṣìnà, torí wọ́n jẹ́ kó wọlé, ṣùgbọ́n kò sí àga fún un.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. 1,000 ni ilé iṣẹ́ tó ṣe é fi ń ka GB, 1,024 ni Windows fi ń kà á. Nítorí náà 64 tí wọ́n kọ sára páálí máa hàn bíi 59 lójú ẹ̀rọ. Windows fúnra rẹ̀ lè gbé 20GB mì, kó lé díẹ̀ sí i, ó sì tún máa ń ya nǹkan bíi 7GB sọ́tọ̀ de àtúnṣe tó ń bọ̀. Office wọlé, Chrome wọlé, WhatsApp bẹ̀rẹ̀ sí í kó fídíò ìsìnkú àti ìgbéyàwó wá. Tí ẹ bá tún wá gbé e láti Windows 10 bọ́ sí 11, yóò tọ́jú èyí àtijọ́ sínú fódà Windows.old fún ọjọ́ 10, bóyá ẹ lè yí ọkàn padà. Ọ̀pọ̀ GB ló ń lọ síbẹ̀.

Lóòótọ́, bí ààyè kò bá tó nígbà ìgbéga, Windows lè ní kí ẹ ki fúláàṣì bọ̀ ọ́ kó fi ṣiṣẹ́. Ìrànwọ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ni. Káàdì SD á gba fọ́tò àti PDF, ṣùgbọ́n Windows kò ní torí ẹ̀ kúrò lórí eMMC.

Bí wọ́n bá fi irú ẹ̀rọ yìí ta yín lọ́rẹ, ẹ gbà á, kí ẹ dúpẹ́. Ètò méjì wà tó lè rọ́pò Windows: Linux Mint ń béèrè 20GB ó kéré tán, ChromeOS Flex ń béèrè 16GB, àwọn méjèèjì á sì fúyẹ́ fún un ju Windows lọ. Àmọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ChromeOS Flex wà. Ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wá tó ń lọ, Mint ni kí ẹ mú. Owó tèmi kò ní bọ́ sórí rẹ̀.

Àgbà onírin

EliteBook, ThinkPad, Latitude, àwọn ti nǹkan bíi 2014 sí 2016. Wọ́n wúwo, ara wọn ti ha, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn wọn ṣeé tú. Ìran kẹrin sí ìkẹfà Intel, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ, ló wọ́pọ̀ nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ìran kẹjọ ni Microsoft ti bẹ̀rẹ̀ ìwé orúkọ tó fún Windows 11. Nítorí náà Windows 11 kò ní gbà wọ́n. Àwọn kan ń fi Rufus, ètò tó ń kó Windows sórí fúláàṣì, gbé e wọlé tipátipá, ó sì máa ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n Microsoft kò ṣèlérí pé àtúnṣe á máa dé ọ̀dọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Dísíkì 500GB tó máa ń bá wọn wá láyè púpọ̀, ó kàn ń fà bí ìgbín ni. Ẹ ra SSD (dísíkì tó yára) 240GB oní-SATA, kí ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe bá yín fi pààrọ̀ rẹ̀, ẹ ó rí i pé ẹ̀rọ náà tún di ọ̀dọ́. Kí ẹ wá jókòó sórí Windows 10, ẹ̀dà 22H2, kí ẹ fi orúkọ sílẹ̀ fún àtúnṣe ààbò tó máa dé ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá 2026. Ó lè jẹ́ ọ̀fẹ́ bí ẹ bá fi àkáǹtì Microsoft tọ́jú ètò ẹ̀rọ yín sí orí íntánẹ́ẹ̀tì wọn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, dọ́là 30, tàbí 1,000 póìǹtì Microsoft Rewards.

Lẹ́yìn ìyẹn, Mint 22 ní àtúnṣe títí di 2029. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé, tó ń wo fídíò ẹ̀kọ́, tó ń kọ iṣẹ́ àṣetiléwá kò ní mọ ìyàtọ̀ púpọ̀, àfi tí olùkọ́ bá ń dá ìwé Word padà pẹ̀lú àtúnṣe. LibreOffice, tó ń ṣiṣẹ́ Word lórí Mint, máa ń yí ètò ojú ewé díẹ̀. Ẹni tó ń fi CorelDRAW ṣe pátákó ìsìnkú àti káàdì ìgbéyàwó kò ní ohun tó fẹ́ fi Mint ṣe, torí kò sí CorelDRAW lórí Linux. Ẹ̀rọ kẹta ni kí ó lọ wò.

Ìran kẹjọ sókè, SSD 256GB

Èyí ló wọ́n jù, òun náà ni mo máa rà bí owó bá wà. Windows 11 á wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ látorí Windows 10. GB mélòó kan ni détà tó máa jẹ, ẹ fi òru ṣe é bí détà òru bá wà lórí láìnì yín, ẹ sì rí i pé bátìrì kún, torí iná tó lọ láàárín ìgbéga lè ba iṣẹ́ jẹ́. RAM 8GB ni kí ẹ wá. 4GB á kàn máa mí hẹlẹhẹlẹ.

Kí owó tó kúrò lápò

Ẹ kí wọn "òkun o", kí ẹ ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ náà. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pọ̀ mọ́ R, kí ẹ kọ tpm.msc: 2.0 ni kí ẹ rí. Bí kò bá fi nǹkan hàn, ó lè jẹ́ pé wọ́n kàn pa á nínú BIOS, ètò ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ, ni. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí This PC. Àwọn kan máa ń pín dísíkì 500GB sí méjì, C 60GB, D gbogbo ìyókù. Orí C ni Windows ń wò nígbà ìgbéga. Òkìtì ààyè tó wà lórí D kò ní gbà á, àti pé fífi D kún C kì í rọrùn bí apá ìmúbọ̀sípò (ibi tí Windows ń tọ́jú ohun tó fi ń tún ara rẹ̀ ṣe) bá dúró sí àárín wọn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n fi Windows sí i látìbẹ̀rẹ̀ lórí dísíkì kan ṣoṣo, níṣojú yín, kí ẹ tó sanwó.

Èyí tó kẹ́yìn: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tú ẹ̀yìn rẹ̀." Bí wọ́n bá kọ̀, tábìlì mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.