Irúgbìn elégédé inú ọ̀rá, láti ìsọ̀ kan ní Gwagwalada

Irúgbìn yìí ń hù dáadáa. Láàárín ọjọ́ 5 sí 10, ó ti yọ. Àlàyé ara ọ̀rá rẹ̀ ló kù díẹ̀ káàtó: kò dárúkọ òdòdó rárá. Òdòdó akọ, tí kì í so, ló sábà máa ń kọ́kọ́ yọ, torí náà ẹ má tíì pariwo pé wọ́n lù yín ní jìbìtì. Abo ni èyí tó ní elégédé kékeré nídìí. Òwúrọ̀ kan ṣoṣo ni òdòdó kọ̀ọ̀kan ń là. Bí kòkòrò oyin, tó ń gbé lẹ́búlẹ́bú akọ lọ sára abo, bá wọ́n, ẹ já akọ kí aago 9 tó lù, ẹ ya ewé yẹ́lò ara rẹ̀ kúrò, kí ẹ fi lẹ́búlẹ́bú orí rẹ̀ pa àárín abo. Hóró lẹ́búlẹ́bú kan ló ń mú kóró kan jáde. Bí lẹ́búlẹ́bú kò bá tó, elégédé á wọ́ lápá kan. Bí kò bá sí rárá, elégédé kékeré náà á di yẹ́lò, á já bọ́. Oògùn kòkòrò? Ìrọ̀lẹ́ ni, kó má baà pa oyin.