RDT, Widal àti blood culture l'Ákùúrẹ́: èwo ló tó owó tí wọ́n ń gbà?

Mo ti sanwó fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nítorí ọmọ mi, RDT, àyẹ̀wò ibà ẹ̀fọn tó máa ń yá, ni mo sì máa kọ́kọ́ sanwó fún nígbàkígbà tí ara rẹ̀ bá gbóná.

₦2,000 ni wọ́n gbà ní làábù kan nítòsí Ọjà Ọba. Wọ́n gún ọmọ náà lórí ìka, wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ tín-ń-tín sójú ihò ike àyẹ̀wò náà, wọ́n kán omi tó bá ike náà wá sí i, a sì jókòó. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí ìlà fi yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ C (tó fi hàn pé àyẹ̀wò náà ṣiṣẹ́), òmíràn sì yọ fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ T (ti ibà ẹ̀fọn). Bó ti wù kí ìlà T yẹn ṣe bàìbàì tó, ibà ẹ̀fọn ni. A lo òògùn ibà, ara balẹ̀. Ẹ má kàn tún un ṣe ní kété tí ọmọ bá lo òògùn tán o, nítorí ó ṣì lè fi ìlà hàn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú. Àyẹ̀wò maikirosikópù, tí wọ́n fi ń wo kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀, ni kí ẹ béèrè nígbà náà.

Widal, àyẹ̀wò tàífọ́ọ̀dù, ni ò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Nígbà tí ibà mìíràn dé tí RDT ò rí nǹkan kan, làábù mìíràn gba ₦2,500, wọ́n kọ "O 1/160" sínú ìwé, ọmọkùnrin tó ṣe é ní, "Mọ́mì, tàífọ́ọ̀dù ti pọ̀ lára ẹ̀ o." Kò bi mí bóyá ó ti ní in rí tàbí bóyá ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, láti 1896 tí Widal ti wà, kì í wá kòkòrò fúnra rẹ̀. Ohun tí ara fi ń bá kòkòrò jà ló ń wá. Àrùn àtijọ́, àjẹsára, kódà ibà ẹ̀fọn, gbogbo wọn ló lè gbé nọ́ńbà yẹn sókè. Owó abẹ́rẹ́ tí wọ́n fẹ́ kọ lé e lórí ló ga, kì í ṣe ₦2,500 yẹn.

Dókítà wa ní Alágbàká ló ní ká dúró ná, ká gba ẹ̀jẹ̀ fún blood culture, ìyẹn àyẹ̀wò tí wọ́n ti ń jẹ́ kí kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ hù kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n, kí ọmọ tó fẹnu kan òògùn apakòkòrò kankan. ₦12,000! Ọjọ́ bíi mélòó kan la fi retí èsì. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé, kòkòrò tàífọ́ọ̀dù gan-an ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ òògùn tó ràn án àti èyí tí kò ràn án. Òògùn kan ṣoṣo la rà. Culture náà máa ń pàdánù kòkòrò nígbà mìíràn, nítorí náà bí kò bá rí nǹkan kan, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà.

Ẹ̀yin ará Òǹdó, bí ibà bá kọ̀ tí kò lọ, ẹ dárúkọ ibà Lassa, àrùn tí eku ń kó ranni, fún dókítà. Kò sí èyí tó lè rí i nínú àwọn mẹ́ta yìí, FMC Ọ̀wọ̀, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀, sì ń tọ́jú rẹ̀.