Háńdù Fèrèsé Tó Bàjẹ́: Èwo Ni Ká Fi Rọ́pò Rẹ̀ Nílé Wa L'Ékìtì?

Ìgbà tí ìjì bá ṣáájú òjò, tí gbogbo ilé ń sáré kiri láti ti fèrèsé, ni agbára wa máa ń pọ̀ jù lórí háńdù, ìgbà náà ló sì máa ń kán. Àwa tí a ń gbé Èkìtì mọ ìjì àkọ́rọ̀ dáadáa láti nǹkan bí oṣù kẹta lọ, pàápàá àwọn tí ilé wọn wà lórí òkè bíi ti Ẹ̀fọ̀n Aláayè, níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti rí nǹkan dí i lọ́nà. Bí fèrèsé kò bá ṣeé tì lálẹ́ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, omi á wọ yàrá, ibùsùn á tutù, ẹ̀fọn á rí ọ̀nà gbà wọlé, ọkàn onílé kò sì ní balẹ̀ nítorí olè. Nǹkan kékeré ni háńdù, ṣùgbọ́n oorun gbogbo ilé wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ẹ bá dé ìsọ̀ ohun ìkọ́lé ní Adó, ẹ ó rí oríṣiríṣi tí wọ́n so kọ́: dúdú, funfun, aláwọ̀ idẹ, aláwọ̀ fàdákà. Ojú á fẹ́ yan èyí tó dán jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ojú yàn án. Irú fèrèsé tó wà lára ògiri yín ló máa sọ irú háńdù tí ẹ máa rà, ohun tó ba ti àkọ́kọ́ jẹ́ ló sì máa sọ bóyá tuntun náà á pẹ́. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ká ti bẹ̀rẹ̀, ká tó fi ọ̀kan wé èkejì.

Kí ló pa ti tẹ́lẹ̀?

Lára fèrèsé késímẹ́ńtì, ìyẹn èyí tó ń ṣí síta bí ilẹ̀kùn, irin pẹlẹbẹ méjì wà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Àwọn ni fèrèsé fi ń ṣí síta, àwọn náà ló sì ń dá a dúró síbi tí a bá ṣí i dé. Eruku ọyẹ́ máa ń kún inú wọn, òjò á tún rọ̀ sí i, irin náà á wá le. Bó bá ti le, tipátipá la ó máa fi háńdù fa fèrèsé wọlé lójoojúmọ́, títí ọrùn háńdù á fi kán. Ẹni tó bá ra háńdù tuntun láì tọ́jú irin yìí máa padà sọ́jà láìpẹ́. Ẹ di igun fèrèsé mú nísàlẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan háńdù rárá, kí ẹ máa tì í lọ, kí ẹ máa fà á bọ̀. Bó bá wúwo, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku inú irin náà, kí ẹ kán epo díẹ̀ sí ojú ibi tó ń ṣẹ́ po. Bí irin ọ̀hún bá ti tẹ̀ tàbí tí ìpẹtà ti jẹ ẹ́, ẹ pààrọ̀ tòkè tìsàlẹ̀ pọ̀, torí bí ọ̀kan bá le ju èkejì lọ, fèrèsé á máa wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ohun kejì tí ọ̀pọ̀ kì í wò ni rọ́bà kékeré tó wà lára férémù, èyí tí ahọ́n háńdù ń gùn nígbà tí a bá tì í. Bó bá ti jẹ, háńdù á dà bíi pé kò mú mọ́, fèrèsé á sì máa mì bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́. Rọ́bà yẹn kò wọ́n rárá bí a bá fi wé háńdù, sukúrù kan tàbí méjì ló sì mú un. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó náwó.

Késímẹ́ńtì: alahọ́n, oní-àmúga àti oní-ọ̀pá

Orí késímẹ́ńtì ni mo ti máa pẹ́ jù, torí òun ni àṣìrà pọ̀ sí jù.

Alahọ́n ni èyí tó jókòó sórí fèrèsé pẹ̀lú sukúrù tàbí ríbẹ́ẹ̀tì méjì, tí ahọ́n rẹ̀ ń yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti gun férémù. Ojú kan ṣoṣo ló ti ń di fèrèsé mú. Òun ló rọrùn jù láti rà, òun ló rọrùn jù láti fi sí i, kò sì sí oníṣẹ́ alumíníọ̀mù tí kò mọ̀ ọ́n. Ó ní ti ọwọ́ ọ̀tún, ó ní ti ọwọ́ òsì. Ẹ tún wo bí ahọ́n ṣe ga tó sí ìdí háńdù: bó bá ga jù, kò ní tẹ rọ́bà, fèrèsé á máa mì, bó bá sì rẹlẹ̀ jù, á máa kọ lu férémù, kò ní lè gùn ún.

Oní-àmúga ní eyín méjì lẹ́yìn tó wọ inú ihò gbọọrọ kan lára fèrèsé. Bí ẹ bá yí i, eyín yẹn á ti irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wà nínú alumíníọ̀mù lọ sókè tàbí sísàlẹ̀, irin náà á sì di fèrèsé mú lójú méjì, nítòsí igun òkè àti igun ìsàlẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín òun àti alahọ́n hàn gbangba lára fèrèsé tó ga. Bó bá jẹ́ àárín nìkan la ti di fèrèsé gíga mú, ìjì á máa fa igun rẹ̀ òkè síta díẹ̀díẹ̀, omi á sì gba ibẹ̀ wọlé.

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró lé lórí, ẹ má gbà fún oníṣẹ́ kankan: bí fèrèsé yín bá ti bá oní-àmúga wá, oní-àmúga ni kí ẹ dá padà síbẹ̀. Oníṣẹ́ tí kò bá rí irú rẹ̀ lọ́jà lè ní kí ẹ jẹ́ kí òun lu ihò méjì kí òun fi alahọ́n síbẹ̀, pé iṣẹ́ kan náà ni. Iṣẹ́ wọn kì í ṣe kan náà. Irin inú fèrèsé á di aláìníṣẹ́, ihò àtijọ́ á ṣí sílẹ̀ fún omi, ojú méjì tó ń mú un tẹ́lẹ̀ á sì di ẹyọ kan. Fún fèrèsé ilé ìwẹ̀ tàbí ti ilé ìdáná tó kéré, alahọ́n tó dára tó, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni náwó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tí ẹ bá ń ra oní-àmúga, gígùn eyín ṣe pàtàkì, àlàfo tó wà láàárín eyín méjèèjì náà ṣe pàtàkì. Eyín tó kúrú kò ní dé ara irin inú. Èyí tó gùn jù á máa gún ẹ̀yìn alumíníọ̀mù, háńdù ò sì ní jókòó.

Oní-ọ̀pá ni ẹ ó rí lára fèrèsé onírọ́bà funfun tí wọ́n ń pè ní uPVC, àti lára àwọn alumíníọ̀mù tó nípọn. Ọ̀pá onígun mẹ́rin kan ló wọ inú ẹ̀rọ tó wà nínú férémù. Ohun tó dùn mọ́ mi nípa rẹ̀ ni pé ìwọ̀n rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra: ní ọ̀pọ̀ rẹ̀, ọ̀pá náà jẹ́ mìlímítà 7 níbùú, àárín ihò sukúrù kan sí èkejì sì jẹ́ mìlímítà 43. Gígùn ọ̀pá nìkan ló kù láti wọ̀n. Bó bá gùn jù, ẹ lè fi ayùn irin gé e; bó bá kúrú jù, kò sí àtúnṣe. Kí ẹ tó rà á, ẹ tú ti àtijọ́, ẹ fi ọ̀pá rẹ̀ yí ẹ̀rọ inú. Bí igun ọ̀pá bá ṣì mú ṣánṣán, tí ẹ sì yí i tí kò gbé nǹkan, ẹ̀rọ inú ló kú, háńdù tó dára jù lọ́jà kò lè jí i.

Nǹkan kan tún wà tí ìwé inú páálí háńdù kì í sọ, torí kì í ṣe ilé wa ni wọ́n rò nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Lọ́dọ̀ wa, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn wà lẹ́yìn fèrèsé nínú ilé, irin bọ́gílárì sì tún wà nítòsí rẹ̀. Ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín ojú fèrèsé àti nẹ́ẹ̀tì. Háńdù tó bá yọ ju àlàfo yẹn lọ á máa ha nẹ́ẹ̀tì títí á fi ya, tàbí kí nẹ́ẹ̀tì má lè fà kọjá mọ́. Háńdù ńláńlá tó rí rèǹtè rente nínú ìsọ̀ ló máa ń dá irú wàhálà yìí sílẹ̀.

Sìláìdìn, lúfà àti fèrèsé pákó

Ti sìláìdìn, ìyẹn fèrèsé tí a ń fà lọ fà bọ̀, pín sí méjì. Èyí tó tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé wà lójú fèrèsé níbi tí ewé méjèèjì ti pàdé. Èkejì rì sínú alumíníọ̀mù lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ní súpíríǹgì nínú. Olóṣù rọrùn láti pààrọ̀, ó sì ń fa ewé méjèèjì mọ́ra. Ẹ sáà wo ọ̀tún àti òsì, kí ẹ wọn àárín ihò sukúrù. Èyí tó rì sínú mọ́ tónítóní, kì í ha nẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ihò tí wọ́n gé fún un gbọ́dọ̀ bá tuntun mu láìkù síbì kan. Bí olóṣù kò bá pàdé ìkọ́ rẹ̀ mọ́, ẹ wo táyà kékeré tó wà nísàlẹ̀ fèrèsé ná. Bó bá ti jẹ, fèrèsé á wálẹ̀, ìkọ́ á sì wà lókè. Lára ọ̀pọ̀ sìláìdìn, sukúrù kan wà ní igun ìsàlẹ̀ tí a fi ń gbé táyà náà sókè.

Lúfà ṣì pọ̀ nínú àwọn ilé àgbà wa. Ríbẹ́ẹ̀tì ló sábà mú háńdù rẹ̀, ẹ ó ní láti fi díríìlì lu ríbẹ́ẹ̀tì jáde. Bí apá tó ń gbé gíláàsì bá ti ń ṣẹ́ níbi púpọ̀, ẹ ra odindi férémù rẹ̀ ní méjì-méjì, tọ̀tún tòsì, kí iye rẹ̀ bá iye gíláàsì yín mu. Ti fèrèsé pákó kò ní wàhálà: bọ́ọ̀tì àti ìkọ́ ni, káfíńtà àdúgbò á ṣe é.

Kí ni wọ́n fi ṣe é?

Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó wúwo tó sì dán ni wọ́n fi zamak ṣe, ìyẹn síǹkì tí wọ́n yọ́ pọ̀ mọ́ alumíníọ̀mù bí ìdá 4 nínú 100. Ó wúwo lọ́wọ́, èèyàn á sì gbà pé ó lágbára. Ó le lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í tẹ̀: bí agbára bá pọ̀ jù lórí rẹ̀, á kán lójijì bí ìkòkò amọ̀. Bí ọ̀dà ara rẹ̀ bá bó tí òjò sì ń pa á, ìyẹ̀fun funfun á bẹ̀rẹ̀ sí í hù lára rẹ̀. Fún yàrá tí òjò kì í bá, ó dára, owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n.

Alumíníọ̀mù fúyẹ́ jù ú lọ, kì í ní ìpẹtà pupa, òun àti férémù sì jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Ẹ fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Bó bá tín-ín-rín níbẹ̀, á tẹ̀.

Siténléèsì ló wọ́n jù. Èyí tí wọ́n ń pè ní 304 ní kúrómíọ̀mù bí ìdá 18 àti níkẹ́ẹ̀lì bí ìdá 8 nínú 100, ìdí nìyẹn tí omi kì í fi í tètè mú un. 201 jọ ọ́ lójú, ó sì dínwó, àmọ́ níkẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kéré, ojú rẹ̀ á sì tètè ní àbàwọ́n. Àwọn kan máa ń mú òòfà lọ sọ́jà. Òòfà dára láti fi mọ irin lásán tí wọ́n kùn, ṣùgbọ́n kò lè ya 304 sọ́tọ̀ kúrò lára 201. Fún fèrèsé tó kọjú sí ibi tí òjò ti ń wá, tí òrùlé kò sì bo, siténléèsì ni èmi máa rà, bí owó bá tiẹ̀ mọ sórí ẹyọ kan ṣoṣo yẹn.

Onírọ́bà ni ó kéré lówó jù. Oòrùn ni ọ̀tá rẹ̀: fèrèsé tí oòrùn ọ̀sán ń pa á máa mú un gbẹ títí á fi sán. Mi ò ní fi sí fèrèsé tí mo fẹ́ tì lóru.

Kò sì sí bí háńdù ṣe lè dára tó, sukúrù irin lásán lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Irin lásán, alumíníọ̀mù àti omi òjò kì í gbé pọ̀ ní àlàáfíà. Ihò sukúrù á máa jẹ, háńdù á sì tú. Ẹ béèrè sukúrù siténléèsì lọ́tọ̀, kódà bí páálí bá ti ní tirẹ̀ nínú.

Nígbà tí ẹ bá ń rà á

Ẹ mú ti àtijọ́ dání, bó tilẹ̀ ti kán sí méjì. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé, "Ẹ kúu ọjà o, màmá. Irú èyí gan-an ni mo ń wá, ẹ bá mi kó tọ̀tún tòsì wá, ká fi lé ara wọn." Kí ihò bá ihò, kí eyín bá eyín. Bí Ọ̀mùò ni ẹ ti ń bọ̀ wá sí Adó, owó ọkọ̀ lè ju owó háńdù lọ. Ẹ gbé e lé ẹ̀gbẹ́ rúlà, ẹ ya fọ́tò iwájú, ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ìsọ̀ náà lórí fóònù kí ẹ tó wọ mọ́tò. Bí fèrèsé ilé yín bá sì jẹ́ irú kan náà, ẹ ra kan tàbí méjì sí i pa mọ́, torí irú kan lè kúrò lọ́jà láìsí ìkìlọ̀.

Àwọn háńdù kan ní kọ́kọ́rọ́. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ọmọdé wà nínú rẹ̀ nílò irú èyí, pàápàá níbi tí kò sí irin bọ́gílárì. Ẹ̀wẹ̀, iná kì í sọ tẹ́lẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ náà gbọ́dọ̀ wà nínú yàrá yẹn gan-an, níbi tí àgbàlagbà lè nà án tí ọmọ kò sì lè dé.

Bí ẹ bá ti fi tuntun sí i tán, ẹ fi bébà pẹlẹbẹ kan sáàárín fèrèsé àti rọ́bà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ tì í, kí ẹ fa bébà náà. Ẹ ṣe é lókè, láàárín àti nísàlẹ̀. Bó bá yọ wẹ́rẹ́ níbì kan, ẹ tú sukúrù rọ́bà kékeré ara férémù tí ahọ́n ń gùn díẹ̀, ẹ sún un mọ́ra, kí ẹ tún un dán wò kí oníṣẹ́ tó kó irinṣẹ́ rẹ̀ nílẹ̀.