Ìkìlọ̀: Receiver àtijọ́ tí ohùn rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n bò ó mọ́lẹ̀ tà fún yín

Ẹ̀yin ará tó ń ra receiver sítẹ́rió àtijọ́ (rédíò àti amplifier nínú àpótí kan), àwọn Pioneer, Sansui, Marantz àti Kenwood ayé 1970, ẹ dákun, ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó. Àìsàn kan wà lára àwọn ẹ̀rọ yìí tó rọrùn láti fi pamọ́ fún wákàtí kan: ohùn á máa lọ, á máa bọ̀. Sípíkà ọ̀tún á dákẹ́, ẹ ó yí fólúùmù díẹ̀, á padà. Àwọn kan lára àwọn tó ń ta tòkunbọ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń bò ó títí ẹ ó fi gbé ẹrù délé. Tí ẹ bá padà lọ, wọ́n á ní iná NEPA yín ló bà á jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi tó léwu jù bẹ̀rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ lára àwọn receiver yìí, relay kan (swíìṣì tó ń ṣí tó ń pa ara rẹ̀) wà láàárín amplifier, ìyẹn apá tó ń fún ohùn lágbára, àti ibi tí wáyà sípíkà ń wọ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju páálí ìṣáná lọ, ike rẹ̀ sì sábà máa ń mọ́ gaara débi tí ẹ ó fi rí inú rẹ̀. Tí ẹ bá tan ẹ̀rọ, á dúró bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta sí mẹ́jọ kí iná inú ẹ̀rọ rọlẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ ó gbọ́ "tá!", ohùn á sì jáde. Iṣẹ́ rẹ̀ tó ṣe pàtàkì jù ni pé tí transistor ńlá tó ń ti ohùn jáde bá jóná, tí iná DC (irú iná bátìrì) fẹ́ gba ibẹ̀ lọ sí sípíkà, relay ló máa já ọ̀nà yẹn. Lẹ́yìn ogójì ọdún, ẹnu irin fàdákà tó ń pàdé nínú rẹ̀ á ti dúdú. Ibẹ̀ gan-an ni ohùn ti máa ń sọnù jù.

Àtúnṣe tòótọ́ ni kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ 24V, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ sára ti tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹ̀rọ. Ohun tí àwọn oníjìbìtì ń ṣe ni pé wọ́n á da bọ́ọ̀dù dojú dé, wọ́n á fi wáyà kékeré so ẹnu relay méjèèjì pọ̀, wọ́n á fi lẹ́ẹ̀dì (solder) jó o mọ́ ibẹ̀. Lóòótọ́, ohùn ò ní sọnù níbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń dáàbò bo sípíkà yín mọ́. Ẹ ṣírò ó: tí iná inú receiver bá jẹ́ 40V, tí transistor kan sì jóná, 40V lórí sípíkà 8 ohm jẹ́ 5 amp, ìyẹn 200 watt ooru tó dúró sójú kan. Wáyà tín-ín-rín inú woofer (sípíkà ńlá tó ń gbé ohùn bass) á ti jó kí ọwọ́ yín tó kan swíìṣì. Sípíkà àtijọ́ tó dára sì ṣòro láti rí ju receiver lọ.

Bí ẹ ṣe máa dá a mọ̀ láìṣí ẹ̀rọ: ẹ pa á, ẹ dúró ìṣẹ́jú kan, ẹ tún un tàn. Tí ohùn bá jáde kí "tá!" tó dún, tàbí tí "tá!" kò dún rárá, ẹ fura. Àwọn kan tó ti pẹ́ gan-an kò ní relay láti ilẹ̀, capacitor (ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná) ńlá méjì ló ń dá DC dúró nínú tiwọn, nítorí náà ẹ wo service manual (ìwé àtúnṣe) ẹ̀rọ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni ní olè. Tí ó bá ní relay lórí ìwé tí ẹ kò gbọ́ ọ létí, ẹ máa lọ.

Ẹ̀tàn kejì ni fólúùmù. Ẹ ó ṣàkíyèsí pé ẹni tó ń tà á máa ń ṣí i gan-an, ẹ ó rò pé ó fẹ́ fi agbára ẹ̀rọ hàn yín. Ìdúdú ẹnu relay dà bí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́: orin tó le á lù ú kọjá, èyí tó rọlẹ̀ kò ní lè kọjá. Ohùn jẹ́jẹ́ ló ń tú àṣírí. Ẹ dín in kù débi tí ẹ lè máa sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ láìpariwo, kí ẹ̀rọ ti tutù nígbà tí ẹ tàn án, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ yí balance, bọ́tìnì tó ń pín ohùn sí òsì àti ọ̀tún, sí òsì pátápátá, lẹ́yìn náà sí ọ̀tún. Tí apá kan bá ń rọ, tó ń há, tàbí tó ń padà nígbà tí ẹ bá ṣí fólúùmù lójijì, relay tàbí swíìṣì ni. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ẹ dín ohùn kù ti dá yín lóhùn ná.

Ẹ̀kẹta, WD-40, epo inú agolo tí wọ́n ń fín. Wọ́n á fín in sínú gbogbo ibi tí wọ́n ń yí, ohùn á mọ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Ó máa ń fọ gíríìsì inú fólúùmù dànù, epo tó fi sílẹ̀ sì ń kó eruku jọ. Tí bọ́tìnì bá ń yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni pé kò dúró lórí nǹkan kan, tí òórùn epo sì ń jáde láti ihò ooru, wọ́n ti fín in. DeoxIT D5, ohun fífín tí wọ́n fi ń fọ ẹnu irin inú ẹ̀rọ, ni àwọn tó mọṣẹ́ ń lò fún swíìṣì.

Kí ẹ má bàa jẹ́ kí wọ́n ti ẹ̀bi sórí sípíkà, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ pààrọ̀ wáyà sípíkà òsì àti ọ̀tún ní ẹ̀yìn receiver. Tí sípíkà kan náà ṣì dákẹ́, sípíkà tàbí wáyà rẹ̀ ni. Tí ìdákẹ́ bá bọ́ sí sípíkà kejì, inú receiver ni, tàbí ohun tó ń gbé orin wọ inú rẹ̀. Ẹ wá pààrọ̀ wáyà tó ń wọlé náà. Ẹ tẹ bọ́tìnì Tape Monitor (ti ẹ̀rọ téèpù) wọlé, jáde, bí ìgbà mẹ́wàá. Ó máa ń kó ìdọ̀tí nítorí pé ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án. Lára àwọn tó ní ihò Pre Out àti Main In lẹ́yìn, ẹ yọ irin kékeré tó so wọ́n pọ̀, ẹ nù ún kó dán.

Tí òsì àti ọ̀tún bá lọ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹ sì gbọ́ "tá", ìyẹn kì í ṣe ìdọ̀tí. Relay ló ń sá fún nǹkan. Ẹ má rà á ní owó ẹ̀rọ tó pé.

Ẹ ní kí wọ́n ṣí ìdérí. Sikúrù bíi mẹ́rin tàbí mẹ́fà ni, ẹni tó bá kọ̀ ní ohun tó ń fi pamọ́. Kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lára iná ná, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kan nǹkan nínú rẹ̀, nítorí pé capacitor ńlá ṣì lè ní iná. Ẹ wo lẹ́ẹ̀dì tuntun tó ń dán nídìí relay nígbà tí gbogbo yòókù ti ṣú. Nínú Sansui, ẹ wo gọ́ọ̀mù tó ti di àwọ̀ igi, ó ń jẹ ẹsẹ̀ àwọn nǹkan tó bá kàn. Ẹsẹ̀ transistor 2SC458 náà máa ń dúdú, á sì máa já ohùn. Tí wọ́n bá sì sọ pé àwọn ti pààrọ̀ STK (ẹ̀yà amplifier tí wọ́n kó sínú ike kan), bíi STK-0050 tó wà nínú Pioneer SX-780, ẹ bi wọ́n níbi tí wọ́n ti rà á: ayédèrú rẹ̀ pọ̀ lọ́jà.

Ẹ wo ẹ̀yìn fún iye fóltì (V) iná tó ń lò. Ti Japan jẹ́ 100V, ti Amẹ́ríkà 120V. Step-down (transformer tó ń dín iná ilé kù) tó dára fún ti Amẹ́ríkà, iná rẹ̀ ti pọ̀ jù fún ti Japan.

Tí ẹ bá ń rà á láti ọ̀nà jíjìn, fídíò kan ṣoṣo tí wọn kò gé ni kí ẹ bèèrè: ẹ̀rọ tutù, wọ́n tàn án, "tá" dún, ohùn rọlẹ̀, wọ́n yí balance.

Ẹ̀yin tí ẹ ti rà á ńkọ́? Ẹ yọ sípíkà kúrò. Ẹ dín fólúùmù kù pátápátá, ẹ fi mítà sí DC, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́nu ibi tí wáyà sípíkà ń wọ̀, òsì àti ọ̀tún. Tí kò bá ju 50 mV lọ (1000 mV ni fóltì kan), ó ṣì dára. Tí ó bá kọjá 100 mV, ẹ má dá sípíkà padà sí i títí ẹni tó mọṣẹ́ yóò fi rí ohun tó fà á, tí wọ́n á sì yọ wáyà ìjìbìtì yẹn, tí relay tuntun á wọlé.