Bàbà Pọ̀ Jù Nínú Omi Adágún Ìlúwẹ̀ẹ́: Àtúnṣe Wo Ló Yẹ Kí Ẹ Náwó Lé?

Kí owó tó jáde lápò, ẹ wo omi náà dáadáa. Bó bá rú, tí ògiri sì ń yọ̀, kúlórìnì ló kù díẹ̀. Àmọ́ bó bá ní àwọ̀ ewé tútù, síbẹ̀ tó mọ́ gaara débi pé ẹ ń rí ìsàlẹ̀, ẹ fura sí bàbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da kúlórìnì rẹpẹtẹ sí i, torí bàbà á lẹ̀ mọ́ ògiri, á di àbàwọ́n. Ẹ ra ohun èlò àyẹ̀wò bàbà ná. Bó bá ti kọjá mílígíráàmù 0.3 nínú lítà kan, ó ti pọ̀.

Òkúta búlúù (kọ́pà sọ́lféètì) tí wọ́n ń dà sómi láti pa ewédò ló sábà máa ń fà á. Adágún tó gùn ní mítà 10, tó fẹ̀ ní 5, tó jìn ní 1.5, ń gba lítà 75,000. Kìlò kan péré òkúta yìí á gbé bàbà ibẹ̀ dé nǹkan bíi mílígíráàmù 3.4 nínú lítà kan! Oòrùn á fa omi lọ, bàbà ò ní lọ.

Òògùn inú ìgò ni wọ́n ń tà jù. Ṣe ló kàn ń di bàbà mú kó má baà lẹ̀ mọ́ ògiri. Kò kó o jáde. Kúlórìnì á máa jẹ òògùn náà díẹ̀díẹ̀, ẹ̀yin náà á sì máa rà á lọ. Ó dára fún bàbà díẹ̀.

Àpò tí wọ́n ń gbé sínú apẹ̀rẹ̀ tó ń gba ìdọ̀tí níwájú pọ́ǹpù yàtọ̀: ó ń fa bàbà sára, àpò á sì yí àwọ̀ padà. Àmọ́ ó gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, pọ́ǹpù sì gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹ ka owó epo jẹnẹrétọ̀ mọ́ ọn.

Bí bàbà bá pọ̀ gan-an, omi pípààrọ̀ la fara mọ́. Kí bàbà inú adágún lítà 75,000 yẹn tó wálẹ̀ láti 0.9 sí 0.3, ẹ ó da lítà 50,000 nù, ẹ ó sì fi omi tuntun dípò rẹ̀: tánkà 5 tó ń gba 10,000. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yẹ omi kànga ẹ̀rọ tí tánkà fẹ́ gbé wá wò. Bí òun fúnra rẹ̀ bá ní bàbà 0.2, tánkà 7 lẹ máa rà fún iṣẹ́ kan náà.

Lásìkò òjò Àkúrẹ́, ẹ má gbẹ adágún tán. Omi abẹ́ ilẹ̀ lè tì í sókè, kó sán. Ẹ má sì darí omi náà sí gọ́tà tó ń lọ sódò Ala tàbí sí ibi tí wọ́n ń sin ẹja: bàbà ń pa ẹja.