Kí ni kí ẹ rà tí géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì bá ń fà? Wáyà, router, mesh àti ìlà íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Bí géèmù bá ti ń fà, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń ṣe ni kí wọ́n san owó kún owó fún íntánẹ́ẹ̀tì tó yára sí i. Ó máa ń dùn mí, nítorí pé lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Ọ̀pọ̀ eré ìbọn àti eré bọ́ọ̀lù orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í lò tó Mbps 1 (Mbps la fi ń wọn iyára íntánẹ́ẹ̀tì) nígbà tí eré bá ń lọ lọ́wọ́. Ẹni tó ní Mbps 20 tó dúró ṣinṣin á gbádùn eré ju ẹni tó ní 500 tó ń ṣe ségesège lọ.

Ohun mẹ́ta ló yẹ kí ẹ máa wò. Ping ni àkókò tí ọ̀rọ̀ fi ń lọ bá server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé géèmù náà, tí èsì fi ń padà dé, ms (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá) la fi ń wọ̀n ọ́n. Jitter ni bí ping yẹn ṣe ń lọ sókè sódò. Packet loss ni pákẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ègé ọ̀rọ̀ kéékèèké, tó gbéra tí kò dé ibi tó ń lọ, òun ló sì burú jù lójú tèmi. UDP, ìlànà kan tí wọ́n fi ń fi pákẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́, ni ọ̀pọ̀ géèmù tó ń yára ń lò, UDP fúnra rẹ̀ kì í sì í tún èyí tó sọnù fi ránṣẹ́. Ping 80 ms tí kò yí padà ṣeé fara mọ́, ọwọ́ yín á mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n bí pákẹ́ẹ̀tì 3 bá ń sọnù nínú 100, ẹ ó yìnbọn tí kò ní bá ẹnikẹ́ni, ọ̀tá tí ẹ rí níwájú yín á sì ti sá pamọ́ tipẹ́.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó rà

Lórí Windows, ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ ipconfig, ẹ ó rí nọ́ńbà router yín, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì nínú ilé, níwájú Default Gateway. Ẹ wá tẹ ping -n 100 pẹ̀lú nọ́ńbà náà. Lórí Mac àti Linux, -c ni ẹ ó lò dípò -n. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe ohun kan náà sí 1.1.1.1 tàbí 8.8.8.8, tí wọ́n wà níta ilé lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Bí pákẹ́ẹ̀tì bá ń sọnù láàárín ẹ̀yin àti router, inú ilé ni ìṣòro wà, ohun tí ẹ bá rà sínú ilé lè yanjú rẹ̀. Bí ti router bá mọ́ ṣùgbọ́n tí ti ìta ń sọnù, wáyà tuntun kò ní ṣe nǹkan kan. Bí méjèèjì bá mọ́, tó jẹ́ géèmù kan ṣoṣo ló ń fà, a jẹ́ pé server géèmù yẹn tàbí ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ ni. Fún ẹni tó bá ń lo tracert tàbí pathping, àṣẹ tó ń fi àwọn ibùdó ojú ọ̀nà hàn: bí ibùdó kan láàárín ọ̀nà bá fi àdánù hàn, tí àwọn tó wà níwájú rẹ̀ kò fi hàn, kì í ṣe àdánù. Router ibẹ̀ kàn kọ̀ láti dá ping lóhùn ni.

Wáyà tàbí Wi-Fi?

Wáyà. Lórí Wi-Fi, gbogbo ẹ̀rọ tó wà lórí channel (ọ̀nà ìgbì) kan ló ń dúró de ara wọn kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, ìdúró yẹn ló ń di jitter. Lórí 2.4 GHz, ààrò microwave àti Bluetooth tún ń dá sí i, channel 1, 6 àti 11 nìkan ni kò sì gun ara wọn. 5 GHz mọ́ jù ú lọ, àmọ́ ògiri máa ń dí i. 6 GHz tí Wi-Fi 6E àti Wi-Fi 7 ń lò tún mọ́ sí i, kò kàn lè rìn jìnnà ni.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ wáyà tàn yín. Cat5e ń gbé Gbps 1 (Mbps 1,000) dé mítà 100, ó sì tó fún géèmù. Cat6 náà dára. Cat8 tí wọ́n ń polówó fún àwọn tó ń gbá géèmù, ilé tí wọ́n ń kó server sí ni wọ́n ṣe é fún, ẹ má fowó yín ṣòfò. Ohun tí ẹ ó wò lára páálí ni bóyá bàbà gidi ni. Bí ẹ bá rí CCA, alumíníọ́mù tí wọ́n fi bàbà bò lásán ni. Ẹ fi sílẹ̀. Fóònù ni ẹ fi ń gbá géèmù? Adapter USB-C sí Ethernet ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀ fóònù tó ní ojú USB-C.

Bí wáyà kò bá lè dé yàrá yín

Bí wáyà coax ti tẹlifíṣọ̀n bá ti wà nínú ògiri, tí kò sí ohun mìíràn tó ń lò ó, MoCA 2.5, ẹ̀rọ tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì gba inú wáyà yẹn, ni kí ẹ rà. Ms díẹ̀ ló ń fi kún ping, ó sì ń dúró ṣinṣin. Powerline, tó ń gba inú wáyà iná, kò ṣeé fọkàn tán tó bẹ́ẹ̀. 1000 tàbí 2000 Mbps tí ẹ rí lára páálí kì í dé ọwọ́ yín, ṣájà àti ẹ̀rọ tó ní mọ́tò sì ń dà á láàmú. Ibi tí wọ́n á ti gbà á padà ni kí ẹ ti rà á, ojú iná ara ògiri sì ni kí ẹ kì í bọ̀, kì í ṣe extension. Mesh, ìyẹn ibùdó Wi-Fi mélòó kan tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ káàkiri ilé, dára bí ẹ bá lè fi wáyà so wọ́n pọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ wá èyí tó ní ìgbì ọ̀tọ̀ fún ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá ara wọn sọ. Ní ti repeater olówó pọ́ọ́kú tó kàn ń tún Wi-Fi gbé síwájú, ẹ má rà á fún géèmù.

Router géèmù tàbí router tó ní SQM?

Ibí lowó ti ń ṣòfò jù. Ẹnì kan nínú ilé bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fídíò sókè, ping yín fò láti 30 sí 400 ms. Bufferbloat nìyẹn. Router ti kó pákẹ́ẹ̀tì jọ sórí ìlà, ti géèmù yín tó kéré sì ń dúró sẹ́yìn wọn bí ẹni tó fẹ́ fi lẹ́tà kan jíṣẹ́ ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ akẹ́rù tò sí iwájú rẹ̀ lẹ́nu géètì. Ní 2012, Kathleen Nichols àti Van Jacobson gbé CoDel, ọ̀nà kan láti máa tọ́jú ìlà pákẹ́ẹ̀tì, jáde láti wá nǹkan ṣe sí i. Fq_codel jáde lára rẹ̀, ó sì di RFC 8290, ìwé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì, ní 2018. CAKE, ọ̀nà mìíràn irú rẹ̀, tẹ̀ lé e.

Nítorí náà, ẹ má ka iye eriali, ẹ má wo iná aláràbarà. Ìbéèrè méjì ni kí ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ń tà á: ṣé ó ní SQM, ètò tí kì í jẹ́ kí pákẹ́ẹ̀tì kó jọ sórí ìlà, pẹ̀lú fq_codel tàbí CAKE? Bí kò bá ní, ṣé ó lè gba OpenWrt, ètò ọ̀fẹ́ tí ẹ lè fi rọ́pò ti inú router? Router lásán tó ní in á ṣe yín lóore ju ti géèmù olówó gọbọi tí kò ní in lọ. Ẹ tún béèrè bóyá agbára rẹ̀ gbé iyára ìlà yín, nítorí SQM máa ń fi iṣẹ́ kún iṣẹ́ ẹ̀rọ. Bí ẹ bá gbé e délé, ẹ fi iyára tí SQM máa lò sí bíi ìdá 85 sí 95 nínú 100 ohun tí ẹ wọ̀n. Àmọ́ bí ping yín kò bá yí padà nígbà tí ẹlòmíràn ń gbé fídíò sókè, ẹ kò nílò rẹ̀ rárá.

Fiber, 4G àti 5G, sátẹ́láìtì

Fiber ló ṣáájú. Ìmọ́lẹ̀ ń rìn nínú rẹ̀ ní nǹkan bíi kìlómítà 200,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà server tó jìnnà ní kìlómítà 5,000 á gba 50 ms ó kéré tán ní àlọ àti àbọ̀. Kò sí ohun tí ẹ lè rà tó máa dín in kù.

Sátẹ́láìtì àtijọ́ wà lókè ní kìlómítà 35,786. Àlọ àti àbọ̀ nìkan lé ní 470 ms, ẹ má fi ṣe eré ìbọn. Starlink, sátẹ́láìtì tuntun, wà ní nǹkan bíi kìlómítà 550, ping rẹ̀ ṣeé fi gbá géèmù, ṣùgbọ́n igi tó bá dí ojú ọ̀run lè gé e. 4G àti 5G ń ṣiṣẹ́ dáadáa títí di ìgbà tí èrò bá pọ̀ lórí òpó. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ dán wọn wò kí ẹ tó bá wọn ṣàdéhùn ọdún kan.

VPN géèmù, tó ń darí ọ̀rọ̀ yín gba ọ̀nà mìíràn lọ sí server, kì í ṣe ohun tí mo lè ní kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ rà. Ó wúlò bí ilé iṣẹ́ tó ń fún yín ní íntánẹ́ẹ̀tì bá ń gba ọ̀nà jíjìn lọ sí server. Ẹ lo ọjọ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń fúnni, kí ẹ fi server kan náà wé e ní wákàtí kan náà. Bí àdánù bá sì wà níta ilé, ẹ ya àwòrán èsì ping láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ náà kí ẹ tó na kọ́bọ̀.