Ewì afọ́jú mẹ́fà àti erin: ẹ wá a kà, ó dùn gan-an

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó bá ń wá ewì tó máa pa á lẹ́rìn-ín tó sì tún máa bá a wí dáadáa, kó lọ wá The Blind Men and the Elephant kà, John Godfrey Saxe ló kọ ọ́. Ará Amẹ́ríkà ni, Vermont ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1816, ó kú ní 1887. Lọ́yà ni, ó ṣe olóòtú ìwé ìròyìn, ó tún gbé àpótí gómìnà Vermont ní 1859 àti 1860 àmọ́ kò wọlé. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé tẹ́ ẹ bá ń ka ewì náà ẹ máa rí i pé ẹni tó kọ ọ́ ti gbọ́ iyàn dé góńgó, ní kóòtù àti nínú òṣèlú, ó mọ bí èèyàn ṣe ń gbóhùn sókè lórí nǹkan tí ò mọ̀dí.

Ìtàn ẹ̀ ò le rárá. Ọkùnrin mẹ́fà ní Íńdíà, gbogbo wọn fẹ́ràn ìmọ̀, gbogbo wọn ò ríran, wọ́n wá lọ wo erin. Ẹ̀kíní rìn lọ kọlu ẹ̀gbẹ́ erin, ó ní háà, ògiri lerin. Ẹ̀kejì di eyín mú, ó ní ọ̀kọ̀ ni. Ẹ̀kẹta gbá ọwọ́-ìjà ẹ̀ mú, ìyẹn ń lọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ní ejò. Ẹ̀kẹrin fọwọ́ pa orúnkún, igi ni. Ẹ̀karùn-ún tó di etí mú ló pa mí lẹ́rìn-ín jù, torí òun ní afọ́jú tó fọ́jú jù láyé gan-an máa mọ̀ pé abẹ̀bẹ̀ lèyí, ẹni tó bá lè jiyàn kó wá jiyàn! Ẹ̀kẹfà di ìrù mú, ó ní okùn. Làwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá fiyàn sí i, ẹnu wọn ò sì kò títí ewì fi parí.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ẹ̀ ni pé kò sí òpùrọ́ kankan níbẹ̀. Ohun tí kálukú fọwọ́ kàn ló sọ, abẹ̀bẹ̀ letí erin lóòótọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ò ríran. Àmọ́ ẹ wá gbogbo ewì yẹn látòkè délẹ̀, ẹ ò ní rí ẹyọ ẹnì kan tó bi èkejì ẹ̀ pé "ibo ni ìwọ dì mú?" Ìbéèrè kan ṣoṣo péré, ìjà ì bá tán! Àwọn àgbà ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, tá a bá rí erin ká sọ pé a rí erin, àwọn wọ̀nyí ò tiẹ̀ rí fìrí, ìrù ni wọ́n dì mú tí wọ́n fi ń búra.

Iṣẹ́ ọwọ́ Saxe náà mọ́ gan-an. Ìlà mẹ́fà mẹ́fà ni, bákan náà ni wọ́n ṣe ń lọ, tó bá fi máa kan ẹ̀kẹta ẹ ti mọ ohun tó ń bọ̀, ẹ̀rín á ti bẹ̀rẹ̀ kí onítọ̀hún tó lanu. Ẹ̀kọ́ tó wá fi kádìí ẹ̀ nìkan ni ò fi bẹ́ẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn, ó ní àwọn tó ń jà nítorí ẹ̀sìn lòun ń bá wí, pé wọ́n ń pariwo nípa erin tẹ́nì kankan nínú wọn ò rí rí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó há ju bí ìtàn náà ṣe gbòòrò lọ. Kó tó débẹ̀ ló ti sọ pé kálukú wọn ló ní òótọ́ díẹ̀, síbẹ̀ gbogbo wọn ló ṣì í, ibẹ̀ gan-an lẹ̀kọ́ wà fún mi.

Ó sì tún ku ohun kan. Ìtàn náà ti wà ṣáájú Saxe, ó wà nínú Udana, ìwé mímọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà, níbi tí ọba ti kó àwọn afọ́jú jọ tí wọ́n fi ẹ̀ṣẹ́ bára wọn jà. Rumi, akéwì Mùsùlùmí tó ń kọ ewì lédè Páṣíà, náà sọ ọ́ ní nǹkan bí 1200 ó lé, ṣùgbọ́n tiẹ̀ ò ní afọ́jú nínú, inú ilé tó ṣókùnkùn ni wọ́n so erin sí, àwọn tó lójú ló ń táràrà, ó ní ká ní wọ́n ní àbẹ́là lọ́wọ́ ni, iyàn ò ní sí. Ti Rumi yìí ló tọ́ sí mi jù, torí mi ò fẹ́ kí ọmọ tí ò ríran gbọ́ ewì kó rò pé òun là ń fi rẹ́rìn-ín. Ní ti ẹ̀rín ṣá, Saxe ló gbà á.

Máàkì 4 nínú 5 ni mo fún un. Ẹ má sì fojú lásán kà á o, ẹ kà á sókè, tẹ́ ẹ bá pé mẹ́fà kí kálukú mú afọ́jú kan, kẹ́ ẹ fi ẹ̀karùn-ún lé ẹni tóhùn ẹ̀ lọ sókè jù lọ́wọ́.